Bọ́ọ̀dù Dọ́là Méjì: Èló Ló Máa Jẹ́ Tó Bá Dé Èkó?

Iye tí gbogbo wa mọ̀ fún bọ́ọ̀dù iná (PCB, pákó tí a ń jó ẹ̀yà ẹ̀rọ iná mọ́) ni bọ́ọ̀dù márùn-ún, lẹ́yà méjì (bàbà lójú méjèèjì), dọ́là méjì. Iléeṣẹ́ JLCPCB ti Shenzhen ní Ṣáínà ń tà á bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, bí bọ́ọ̀dù náà kò bá ti ju 100 mm ní gígùn àti ní ìbú lọ. PCBWay, iléeṣẹ́ mìíràn níbẹ̀, náà ní irú tirẹ̀ ní dọ́là márùn-ún. Àmọ́ owó tí DHL máa gbà lè tó ìlọ́po mẹ́wàá iye yẹn, Kọ́sítọ́ọ̀mù sì lè bèèrè tirẹ̀ kí ẹrù tó kúrò ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Kí ẹ tó yan iléeṣẹ́, ẹ gbé fáìlì Gerber yín (àwòrán bọ́ọ̀dù tí iléeṣẹ́ máa fi ṣe é) sórí ìkànnì méjì tàbí mẹ́ta, ẹ kọ àdírẹ́sì Èkó sí i, kí ẹ wo àpapọ̀ owó àti ọjọ́. “Wákàtí 24” tí wọ́n ń kọ kò ka ọjọ́ tí ẹrù máa lò lọ́nà.

Ìwọ̀n ni kí ẹ mójú tó jù. Bọ́ọ̀dù 100 mm tó nípọn tó 1.6 mm wúwo tó nǹkan bí 30 gíráàmù, márùn-ún á jẹ́ 150. Ìdajì kílò ni DHL fi ń ṣírò owó, nítorí náà ẹ̀yin méjì ní Yábàá lè fi ọ́dà yín sínú páálí kan. Ẹ má ṣáà da àwòrán méjì pọ̀ sínú Gerber kan, wọ́n máa bu owó lé e. Bí ẹ bá fẹ́ stencil, irin pẹlẹbẹ oníhò tí a fi ń pa lẹ́ẹ̀dì (solder) sójú bọ́ọ̀dù, ẹ ní kí wọ́n má fi férémù sí i. Férémù yẹn ló ń sọ páálí di ńlá.

FR-4 (ohun tí wọ́n fi ṣe pákó náà), 1.6 mm, bàbà 1 oz (ìnípọn bàbà), àwọ̀ ewé, HASL (solder tí wọ́n fi bo bàbà): èyí ló dínwó jù, òun ló sì ń yá jù. ENIG (wúrà tí wọ́n fi bò ó dípò solder) wúlò bí ẹsẹ̀ IC, ẹ̀yà oníẹsẹ̀ púpọ̀, bá sún mọ́ra tó 0.5 mm, torí ojú HASL kì í tẹ́jú dáadáa. Ẹ fi 0.15 mm fún ìlà àti àlàfo, 0.3 mm fún ihò, sínú DRC (àyẹ̀wò àṣìṣe) ti KiCad, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya bọ́ọ̀dù, kí ẹ tó fa ìlà kankan.

Fáìlì ló sábà máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ìlà Edge.Cuts (etí bọ́ọ̀dù) kò pàdé, tàbí wọ́n gbàgbé fáìlì ihò. Ẹ ṣí gbogbo rẹ̀ nínú GerbView, ohun tí KiCad fi ń wo Gerber, kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́ọ̀dù náà sórí ìwé ní 100%, kí ẹ to àwọn ẹ̀yà tí ẹ rà ní Alábà tàbí Computer Village lé e. Ìgbésẹ̀ yìí ni mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù lọ, torí ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù lè yàtọ̀ sí ohun tí ẹ yà: ẹsẹ̀ relay (swíìṣì oníná) lè má bá ihò mu, transistor BC547 àti 2N3904 sì jọra, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ collector àti emitter wọn wà ní òdì síra wọn.

Bí bọ́ọ̀dù yín bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, tí ìlà rẹ̀ fẹ̀ tó 0.5 mm, ferric chloride (kẹ́míkà tó ń jẹ bàbà) àti bọ́ọ̀dù bàbà lásán máa parí rẹ̀ nílé lọ́jọ́ kan náà. Omi tí ẹ bá fi ṣe é, ẹ má dà á sí gọ́tà. Bàbà inú rẹ̀ ń pa ẹja.

Ẹ wo kàlẹ́ńdà pẹ̀lú. Ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà, láàárín ìparí January àti February, àti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ October, iléeṣẹ́ wọn máa ń tì.