Kẹ́ ẹ tó ju ìwọ̀, ẹ ti ọwọ́ bọ omi ná

Òkun o gbogbo ilé. Ọyẹ́ ti dé, mo sì ti ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń jí lọ pẹja ní dáàmù tí wọ́n ń pè ní Omi, ní Ejiba ní Ìpínlẹ̀ Kogi, láago márùn-ún ìdájí, tí wọ́n á gbé kòròbá òfìfo padà wálé. Ó dùn mí torí èmi náà ti ṣe é rí.

Ọyẹ́ tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo ti máa ń wà létí omi kílẹ̀ tó mọ́ torí wọ́n ní àárọ̀ kùtù lẹja ń jẹun, òtútù á máa gbọ̀n mí, ekòló tuntun ló wà lẹ́nu ìwọ̀, màá jókòó títí aago mẹ́wàá, okùn ò ní mì rárá. Mo pààrọ̀ ìwọ̀, mo pààrọ̀ ekòló, pàbó.

Bàbá apẹja kan ló là mí lójú. Wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè, wọ́n ti ọwọ́ bọ omi dé ìgbọ̀nwọ́ níbi tí mo jókòó sí gan-an, wọ́n fi í síbẹ̀ díẹ̀, wọ́n wá gbọn omi náà nù. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, kò sẹ́ja ńbí o, òtútù ti lé wọn wọ ọ̀gbun. Lọ jẹun nílé, tóòrùn bá ti mú dáadáa kóo padà wá." Aago méjì ni mo padà, ibì kan náà, irú ekòló kan náà, epìyà mẹ́rin ni mo fà kílẹ̀ tó ṣú.

Ẹja ò ní ooru tiẹ̀ lára bíi tiwa, bómi bá ṣe rí lara ẹ̀ ṣe ń rí, tómi bá tutù oúnjẹ ò ní tètè dà nínú ẹ̀, kò sì ní wá òmíì kiri. Etí bèbè tí omi ò ti jìn ló ń tètè tutù lóru, òun náà ló ń tètè gbóná lọ́sàn-án. Ní báyìí mo ní tẹmómítà kékeré tí mo so mọ́ okùn, òun ni mo fi ń wọn bómi ṣe gbóná tó. Àrọ̀ fẹ́ràn omi tó wà láàárín 26 sí 30°C, tó bá ti wálẹ̀ sí bíi 20, àtàrọ̀ àtepìyà, jíjẹ wọn máa ń dín kù gan-an. Ibi tí ò bá tó 23, èmi ò ju ìwọ̀ síbẹ̀.

Tó bá wá di Máàṣì, ẹ yí i padà, ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ, torí omi gbígbóná kì í gba atẹ́gùn púpọ̀ dúró. Tẹ́ ẹ bá rí epìyà tó ń yanu lójú omi nídàájí, ẹ má fi ekòló yín ṣòfò, atẹ́gùn ló ń wá, kì í ṣoúnjẹ. Àrọ̀ ní tiẹ̀ lè jáde wá mí sínú afẹ́fẹ́, ó máa ń fara dà á.

Ẹni tó bá ń lọ lọ́sẹ̀ yìí, bèbè apá ìwọ̀-oòrùn ni kó dúró sí, ibẹ̀ loòrùn àárọ̀ kọ́kọ́ ń nà. Kó sì gbé yìnyín dání, ẹja tí wọ́n bá fà lọ́sàn-án tètè ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà.