Ásíìdì ò ṣẹ̀ mí, ẹnu àpò ló tú

Nǹkan bí aago méjì òru ló máa ń dé. Màá kàn ta jí, omi kíkan á ti gun ọ̀fun mi, àyà á máa ta mí fòò bíi pé wọ́n fi ata pa á, màá dìde jókòó màá máa wúkọ́ títí omijé á fi dà lójú mi. Tílẹ̀ bá mọ́ ohùn mi á ti há. Èmi ṣáà gbà pé òtútù ló mú mi o, oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi mu oògùn ikọ́, èyí tó dùn, èyí tó korò, ìkankan ò ràn án.

Dókítà tó wá yẹ ọ̀fun mi wò ò tiẹ̀ dá ikọ́ lóhùn. Ó ní "aago mélòó lẹ máa ń jẹun alẹ́, ìgbà wo lẹ sì máa ń sùn?" Mo ní aago mẹ́wàá ni mò ń jẹun, mẹ́wàá ààbọ̀ ni mò ń sùn. Ló bá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn bí mi nínú díẹ̀.

Ó ní ásíìdì tó wà níkùn wa le gan-an, pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n kíkan ni, bó bá ṣe kéré tó ni ásíìdì ṣe le tó) wà láàárín 1.5 sí 3.5, òun ló ń pa kòkòrò tó bá oúnjẹ wọlé, òun náà ló ń bá wa da púrótéènì. Kì í jó ikùn torí ikun tó yọ̀ ló bò ó nínú (ikun bíi ti imú ni mò ń sọ o). Ọ̀nà ọ̀fun ò ní irú ẹ̀. Iṣan róbótó kan ló wà láàárín àwọn méjèèjì, bí ẹnu àpò tí wọ́n fokùn fà, tá a bá gbé nǹkan mì á ṣí, á tún pa dé. Tó bá ti dẹ̀, tẹ́ẹ wá fi ikùn tó kún bámú dùbúlẹ̀, kí lẹ rò pé á ṣẹlẹ̀? Ọ̀pọ̀ àwa tí àyà ń ta, ásíìdì wa ò pọ̀ ju ti ẹlòmíì lọ, ibi tí ò yẹ kó dé ló ń dé.

Tó bá pẹ́ ó lè jẹ eyín, ó lè dá ọgbẹ́ sí ọ̀nà ọ̀fun kí ibẹ̀ sì há, àwọn díẹ̀ wà tó máa ń di jẹjẹrẹ fún. Tí oúnjẹ bá ń há yín lọ́fun, tẹ́ẹ bá ń rù láìnídìí, tí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, ẹ tètè lọ rí dókítà. Àyà dídùn tó ń ràn dé apá tàbí àgbọ̀n, ẹ má pè é ní ásíìdì, ó lè jẹ́ ọkàn o!

Omeprazole, oògùn tó ń dín ásíìdì ikùn kù, tí mo máa ń gbé mì lẹ́yìn oúnjẹ, àṣé bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ ló yẹ. Mo ń jẹun ní wákàtí mẹ́ta kí n tó sùn báyìí, ẹ̀gbẹ́ òsì ni mo fi ń sùn, mo sì fi igi gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì níbi orí sókè, bíi 15 cm. Ìrọ̀rí méjì tí mò ń tò tẹ́lẹ̀, ikùn ló ń ká pọ̀.

Ìyàwó mi ní kílẹ̀ tó mọ́ òun ti máa ń yọ̀ dé ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní ṣé kí n yọ igi náà ni. Ó ní kí n fi í síbẹ̀ jàre, ìgbà tí mò ń wúkọ́ ńkọ́, ṣé òun sùn ni?