Gáàsì Kan, Iṣẹ́ Mẹ́ta

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú mi rí nǹkan lónìí. Ilé-iṣẹ́ kan n'Íkẹjà tó ń ṣe ọtí ẹlẹ́rìndòdò pè wá pé ká wá tún wáyà ṣe, ni wọ́n bá mú wa gba ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń ṣe iná mànàmáná tiwọn. Kì í ṣe dísẹ́ẹ̀lì o. Gáàsì ni, inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà wá.

Ariwo ẹ̀rọ yẹn! A dí etí, síbẹ̀ àyà wa ń gbọ̀n.

Ṣé ẹ mọ èéfín gbígbóná tí jẹnẹrétọ̀ wa ń tú dànù? Tiwọn ń gba inú bọ́ílà kọjá, ó ń sọ omi di sítíìmù tí wọ́n fi ń fọ ìgò. Ẹnjiníà tó mú wa káàkiri ní nínú 100 agbára gáàsì, nǹkan bí 40 ló ń di iná. Bí wọ́n bá kó ooru yòókù jọ, ó lè tó 80 tó wúlò. Ní Egbin, ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná ńlá l'Ékòó tó jẹ́ 1,320 mẹ́gáwáàtì, omi ọ̀sà ló ń gba ooru tó kù.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù: ooru kan náà ni wọ́n fi ń mú omi tutù! Omi tó ń di oru nínú ẹ̀rọ ló ń mú òtútù wá; iyọ̀ kan tó ń jẹ́ lithium bromide ló ń fa oru náà mu, ooru á sì lé e jáde kúrò nínú iyọ̀ padà. Ẹ bá mi wò ó.

Ẹnìkejì mi ní, "Ọ̀gá, ẹ ò lè fa wáyà kan dé àdúgbò wa?" Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín títí, kò dáhùn.