Ó jẹ́wọ́ níwájú pẹpẹ, èmi ni wọ́n ní kí n dìde

Ẹ̀yin tí owó yín wà lọ́wọ́ ẹni tó ń sunkún níwájú ìjọ báyìí ni mo ń kọ èyí sí, nítorí mo mọ̀ pé ẹ ti ń rò pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi.

Ọdún 3 ni mo fi ń san ₦15,000 lóṣooṣù sínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ìjọ wa, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi sì wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, akápò wa kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó ní Èṣù ló ti òun tí òun fi ná owó náà, ṣùgbọ́n kò dárúkọ iye. Ìjọ pariwo Halelúyà, olùṣọ́-àgùntàn gbá a mọ́ra, wọ́n bu omi fún un mu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí mi: "Ìyá Bọ́lá, ẹ dìde, kí gbogbo ìjọ gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé ẹ ti dárí jì í." Mo dìde, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, ọmọ mi ń wò mí láàárín àwọn akọrin, mo sì sọ ọ́. Odindi oṣù 5 ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn dí mi lẹ́nu, bí mo bá ti béèrè owó, wọ́n á ní, "Ṣebí ẹ ti dárí jì í?"

Ohun tí mo kọ́ ni pé kí ẹ béèrè iye owó náà àti ọjọ́ tí yóò san án kí ẹ tó dìde. Nínú Léfítíkù orí 6, ẹni tó ni nǹkan ni a kọ́kọ́ ní kí olè dá a padà fún, pẹ̀lú ìdá márùn-ún lé e, kí a tó mẹ́nu ba àgbò tí yóò mú tọ àlùfáà lọ. A kò kà á pé Sákéù, agbowó-orí inú Lúùkù orí 19, sunkún. Iye ló sọ, ìlọ́po mẹ́rin. Kì í ṣe pé mo kórìíra ìjọ o, ibẹ̀ ni mo ṣì ń jọ́sìn. Ààfáà àdúgbò wa pàápàá ní bẹ́ẹ̀ ni túúbá rí lọ́dọ̀ tiwọn, pé ẹ̀bẹ̀ sí Ọlọ́run nìkan kì í pa ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó jẹ yín lówó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí, iye àti ọjọ́ náà ni mo ṣì ń wí. Nígbà tí àwa 6 tí akápò ná owó wa lọ bá agbẹjọ́rò, lẹ́tà kan ṣoṣo ló kọ tí owó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Tèmi ku ₦90,000, oṣù tó ń bọ̀ ni akápò sì kọ sínú ìwé pé òun yóò san án.