Ìdá méjì nínú mẹ́ta àtàǹpàkò mi

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán ná.

Ẹ ṣáà mọ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, ẹ mọ̀ pé gbogbo àwa tá à ń ṣe Pol Sáyẹ́ǹsì ò ju mẹ́wàá lọ, tó jẹ́ pé tẹ́nì kan bá lọ tọ̀ báyìí, á dà bíi pé kíláàsì ti tú. Àwa mẹ́wàá yìí náà la ní ká dìbò yan gómìnà kíláàsì, èmi aláṣejù sì ni mo kọ òfin ìdìbò. Mo ní ẹni tó máa wọlé gbọ́dọ̀ ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò. Kí ló ṣe mí tí mi ò kọ "ẹni tí ìbò ẹ̀ bá pọ̀ jù"? Ìwé ló ń gùn mí.

Lọ́jọ́ ìdìbò mo wọ agbádá. Ti Bọ̀ọ̀dá Tàjù ni, òmìrán ènìyàn, apá agbádá yẹn nìkan tó kọ́tìnnì fún yàrá méjì. Mo gbé e lé èjìká, ó yọ̀ bọ́, mo tún gbé e, ó tún yọ̀ bọ́, báyẹn ni mo ṣe dé ìdí pádì tí wọ́n fi ń lu òǹtẹ̀ ní ọ́fíìsì tá a yá wá fún yíǹkì, tí mo sì tẹ̀ka.

Wọ́n kàbò. Èmi 6, Ìyá Kẹ́mi 3. Ẹyọ kan ṣẹ́ kù, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí ìlà tó wà láàárín àwa méjèèjì. Dókítà, olùkọ́ wa tó ń bójú tó ìbò, ní ìyẹn ti bàjẹ́. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 10 sì rèé, 6 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ni.

Ni mo bá dìde. Mo ní ṣebí ìbò ààrẹ 1979 náà rèé, òfin ní ẹni tó máa wọlé gbọ́dọ̀ rí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19, Akínjídé, lọ́yà Shagari, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀ 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ni, Shagari wọlé, Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ ò gbà ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó ga jù fọwọ́ sí i lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án. Mo ní tí wọ́n bá lè gé odindi Kánò, ìpínlẹ̀ kẹtàlá, sí mẹ́ta, kí ló dé tá ò lè gé àtàǹpàkò? (Bàbá àgbà mi tí fọ́tò Awólọ́wọ̀, ẹni tí Shagari borí nínú ìbò yẹn, ṣì wà lára ògiri pálọ̀ ẹ̀ nÍjẹ̀bú, tó bá gbọ́ pé èmi ni mò ń fi ẹnu mi jà fún Akínjídé, á gba oríkì ẹ̀ padà lọ́wọ́ mi.)

Dókítà ò sọ nǹkan kan. Ó na rúlà sí mi. Èmi náà ò mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ ló fi ń ṣe mí, mo bẹ̀rẹ̀, mo wọ̀n ọ́n: gbogbo ìtẹ̀ka náà jẹ́ mílímítà 18, 12 wà lọ́dọ̀ mi. Ìdá méjì nínú mẹ́ta géérégé! Mo fò sókè, mo na ọwọ́ méjèèjì bí Awó.

Ìyá Kẹ́mi wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ ní, "Àbúrò, kí ló wà lápá agbádá yín yẹn?"

Yíǹkì aró ni, ó gùn tó ọ̀pá kan. Ó sì wà lára ìwé ìdìbò yẹn náà, bí ìgbà tí wọ́n fi ìgbálẹ̀ fà á. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìwé tèmi ni. Apá agbádá ló ti ọwọ́ mi. Ká ní mo wọ tíṣáàtì, 7 ni mi ò bá ní, ọ̀rọ̀ ti parí. Èmi ni mo fagi lé ara mi.

A tún un dì ní Wẹ́sìdeè tó tẹ̀ lé e. Ìyá Kẹ́mi gbé kúlà ẹ̀wà àgànyìn wá pẹ̀lú búrẹ́dì. Dìbò kóo sebẹ̀ tí wọ́n ṣe l'Ékìtì ní 2018, ó kéré tán wọ́n máa gbowó délé kí wọ́n tó gbé ìkòkò kaná, tiwa yìí, ọbẹ̀ ti jinná wá bá wa. Ta ló ń bù ú? Súlè! Súlè tó fi orúkọ mi sílẹ̀, Súlè tó ń mu gàrí mi láti 100 lẹ́fù! Mo bínú débi pé àwo kejì ni mo wà kí n tó lè sọ̀rọ̀.

Ìyá Kẹ́mi 8, èmi 2. Ọ̀kan nínú méjì yẹn, èmi ni, mo ká apá aṣọ dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Ìkejì, Súlè ń búra pé òun ni. Epo ṣì wà létè ẹ̀ tó ń búra o.

Bọ̀ọ̀dá Tàjù pè mí láàárọ̀ yìí, wọ́n ní àwọn ní òde ní Sátidé, agbádá àwọn dà. Mo ní ó ṣì wà ní kóòtù, wọ́n ń fi ṣe ẹ̀rí.