Ìgbà wo lẹ rí Bàbá kẹ́yìn tára wọn dá?

Ìbéèrè tí dókítà kọ́kọ́ bi wá nìyẹn, àwa mẹ́ta tá a gbé Bàbá lọ kàn ń wojú ara wa ni.

Nílé wa nítòsí Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni rọpárọsẹ̀ ti kọlu Bàbá. Aago mẹ́jọ àárọ̀, Màámi gbé ògì àti àkàrà fún wọn, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, ògì ń ṣàn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu wọn ò tiẹ̀ mọ̀, wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀, kò já geere. Àbúrò Bàbá ní oorun ni, kí wọ́n padà lọ sùn. Aládùúgbò kan gbé àdí dé ó ń fi pa wọ́n lápá. Àdí o! Wákàtí mẹ́ta gbáko lọ síbẹ̀.

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé abẹ́rẹ́ kan wà tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú iṣan ọpọlọ, alteplase lorúkọ ẹ̀, láti 1996 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i fún rọpárọsẹ̀. Ó máa ń ta nǹkan kan jí nínú ẹ̀jẹ̀ àwa fúnra wa, ìyẹn ló ń gé fọ́nrán tó so ẹ̀jẹ̀ dídì náà pọ̀. Bí èèyàn bá ṣe wúwo tó ni wọ́n ń wò, miligíráàmù 0.9 fún kílò kan, kò sì gbọ́dọ̀ ju 90 lọ, ìdá kan nínú mẹ́wàá á wọlé láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyókù á máa kán fún wákàtí kan. Ṣùgbọ́n tó bá ti kọjá wákàtí mẹ́rin ààbọ̀, wọn ò ní sáàbà fún un mọ́. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya skáànì, torí tó bá jẹ́ pé iṣan ló bẹ́, ṣe ni abẹ́rẹ́ yẹn á tún dá kún ẹ̀jẹ̀ tó ń dà. Kódà níbi tó ti yẹ ẹ́, ó lè mú kí ọpọlọ ṣẹ̀jẹ̀, wọn ò fi pamọ́ fún wa.

Aago ọ̀hún kì í bẹ̀rẹ̀ látìgbà tẹ́ ẹ rí i pé ẹnu wọ́ o, àtìgbà tẹ́ ẹ rí ẹni náà kẹ́yìn tára ẹ̀ pé ni. A sọ fún dókítà pé alẹ́ àná, aago mẹ́wàá, ó mirí. Ìrọ̀lẹ́ ni Màámi tó rántí pé wọ́n jọ gbàdúrà láago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ náà, Bàbá ló sì dá orin. Mo ṣírò ẹ̀: aago mọ́kànlá ni ì bá parí, ìgbà yẹn náà la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ mọ́tò.

Ọ̀pá ni Bàbá fi ń rìn báyìí. Màámi ò sì gbàgbé mọ́, láràárọ̀ ni fóònù mi á dún: "Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, Bàbá yín ti kọrin o, ó já gaara."