Omi Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Mọ̀ Ọ́n Wọ̀n: Ohun Tí Mo Kọ́ Nípa Oúnjẹ Tí A Fi Ń Pe Ẹja

Àwọn tá a jọ ń fi ìwọ̀ pẹja létí dáàmù Ọ̀yán máa ń bi mí pé kí ni mo pò mọ́ oúnjẹ tí mò ń jù sómi kí n tó sọ ìwọ̀. Wọ́n rò pé oògùn kan wà níbẹ̀. Kò sí oògùn kankan. Eèrí ni, kúlíkúlí ni, gààrí díẹ̀ ni, nígbà mìíràn amọ̀. Omi tí mo fi pò ó ló ń ṣiṣẹ́: bó ṣe pọ̀ tó, àti bí mo ṣe ń wọ́n ọn sí i. Ẹni tó bá mọ omi í wọ̀n lè fi eèrí lásán pe ẹja ju ẹni tó ra gbogbo nǹkan olóòórùn tó wà lọ́jà, tó wá rò ó bí ẹ̀bà.

Ìdí ni pé ìṣù oúnjẹ yẹn gbọ́dọ̀ dé ìsàlẹ̀ omi lódidi, lẹ́yìn náà kó wá máa tú díẹ̀díẹ̀. Tó bá gbẹ jù, ojú omi ni yóò ti fọ́, ìṣàn á gbé e lọ, ẹja wẹ́wẹ́ á sì tẹ̀ lé e lọ. Tó bá tutù jù, kò ní tú mọ́. Ẹja ńlá á dé ibẹ̀, á bù ú jẹ, á yó, á bá tirẹ̀ lọ. A kò fẹ́ kó yó. A fẹ́ kó gbóòórùn, kó máa wá oúnjẹ kiri inú ẹrẹ̀, kó máa rí bíńtín bíńtín, títí yóò fi kan ìjẹ tó wà lẹ́nu ìwọ̀ wa.

Eèrí tí mò ń lò ni eèrí àgbàdo tó máa ń ṣẹ́ kù nínú ajọ̀ nígbà tí wọ́n bá sẹ́ ògì. Ẹ lọ bá ìyá ológì àdúgbò yín. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó ń sin ewúrẹ́ ló ń rà á lọ́wọ́ wọn, ẹ tètè bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ dáadáa, kí ẹ wá gún un díẹ̀. Bó ti wù kó gbẹ tó, òórùn kíkan yẹn kì í tán lára rẹ̀, ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Kóńgò eèrí mẹ́ta ni mo máa ń fi kóńgò kúlíkúlí kan tá a gún kúnná sí. Bàbá apẹja kan tó jẹ́ Hausa ló kọ́ mi ní ti kúlíkúlí. Òróró díẹ̀ tó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ a máa gbé òórùn jìnnà nínú omi. Lẹ́yìn èyí, agolo mílíìkì gààrí méjì. Ẹja nìkan kọ́ ni mo ń fi gààrí fún o. Ó máa ń mu omi, ó máa ń wú, bó bá sì ti wú tán, á di ìyókù mú pọ̀. Tí ẹ bá fi kún un ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣù náà kò ní tú.

Èyí tí mo sọ yẹn, ti epìyà ni. Ewéko wẹ́wẹ́ inú omi àti ohun tó ti jẹrà nísàlẹ̀ ni epìyà ń jẹ jù, ojúmọmọ ló sì máa ń jẹun. Àrọ̀ yàtọ̀. Òru ni tirẹ̀, irùngbọ̀n ẹnu rẹ̀ ló fi ń wá oúnjẹ nínú ẹrẹ̀, nítorí náà òórùn tó le ló ń fẹ́: edé gbígbẹ tá a gún, ìfun adìẹ tá a gé wẹ́wẹ́. Èyíkéyìí tí ẹ bá ń wá, ẹ fi díẹ̀ lára ohun tí ẹ máa fi há ẹnu ìwọ̀ sínú oúnjẹ náà. Bó bá jẹ́ ekòló ni ìjẹ yín, ẹ gé ekòló díẹ̀ sí i, kí ẹja ti mọ adùn rẹ̀ kó tó kan ìwọ̀.

Ó wá kan pípò rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ pò wọ́n pọ̀ ní gbígbẹ. Ẹ má da omi lé e lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ fi ọwọ́ bu omi wọ́n ọn, kí ẹ máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á. Nígbà tó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dì, ẹ fi sílẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ibí yìí ni ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́, torí pé gààrí àti eèrí ò tíì mu omi tán. Tí ẹ bá padà dé, ẹ ó rí i pé ó ti gbẹ. Ẹ tún wọ́n omi díẹ̀ sí i, kí ẹ wá fi asẹ́ gààrí jọ̀ ọ́ kí kókó inú rẹ̀ lè tú. Ẹ fi ọwọ́ kan ṣoṣo fún un: ó yẹ kó dì. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́: ó yẹ kó fọ́. Kí ẹ tó gbé e jáde nílé, ẹ ju ìṣù kan sínú korobá omi, kí ẹ dúró wò ó. Kò sí olùkọ́ tó dà bíi korobá yẹn.

Mo bẹ̀ yín, omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ ni kí ẹ fi pò ó, nílé. Mo rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń lóṣòó sínú omi létí Ọ̀yán, tí wọ́n ń fi ọwọ́ po oúnjẹ ẹja níbẹ̀, ọkàn mi kì í balẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti ṣí dáàmù náà ní 1983 ni àtọ̀sí ajá, àìsàn tó ń mú kéèyàn tọ ẹ̀jẹ̀, ti di ìṣòro ńlá ní àwọn abúlé ẹ̀bá rẹ̀. Inú ìgbín wẹ́wẹ́ tó wà létí omi ni ọmọ aràn rẹ̀ ti ń jáde, awọ ara ló sì ń gbà wọlé. Kò dìgbà téèyàn bá mu omi náà. Ẹ wọ bàtà rọ́bà tó ga. Tó bá jẹ́ omi odò nìkan ló wà, ẹ pọn ọ́n sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, torí pé ọmọ aràn náà kì í pẹ́ láyé tí kò bá rí ara èèyàn wọ̀. Ẹni tó bá sì rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀, kó lọ sílé ìwòsàn. Oògùn praziquantel ń wò ó.

Nínú adágún tí omi rẹ̀ ò ṣàn, ẹ ò nílò amọ̀. Ṣùgbọ́n nínú odò Ògùn, pàápàá nígbà òjò, ìṣù tí kò wúwo kò ní dúró síbi tí ẹ jù ú sí. Ilẹ̀ inú òkìtì ọ̀gán ni mo máa ń lò, torí pé amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì kúnná. Bí ìṣàn bá ti le tó ni kí ẹ fi pọ̀ tó, kí ẹ sì jù ú sókè odò díẹ̀ sí ibi tí ìwọ̀ yín wà. Ìṣù márùn-ún tó tó ọsàn ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú igi kan lódìkejì ṣe àmì, kí gbogbo rẹ̀ lè bọ́ sójú kan náà. Ẹni tó bá fọ́n ọn káàkiri, ńṣe ló ń fọ́n ẹja káàkiri. Lẹ́yìn náà, ẹ má ju òmíràn àfi tí ẹja ò bá fa okùn mọ́. Nígbà ọyẹ́, ẹ dín in kù sí ìdajì, torí ẹja kì í fẹ́ jẹun púpọ̀ tí omi bá tutù.

Àwọn kan ṣì wà tó ń fi Gamalin 20 tàbí oògùn apakòkòrò mìíràn sínú odò. Oògùn kòkó ni Gamalin 20 o, ìdin àti ọmọ ẹja ló ń kọ́kọ́ pa, èèyàn ló sì ń jẹ ìyókù. Ẹ má bá wọn dá a, ẹ má sì ra ẹja lọ́wọ́ wọn.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ má dà á sómi nígbà tí ẹ bá ń lọ. Tó bá jẹrà nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí nínú omi ni yóò máa jẹ. Èyí tí kò bá ní amọ̀, ẹ gbé e fún adìẹ. Kí ẹ sì tẹ́ eèrí gbígbẹ tí ẹ kò tíì pò sóòrùn, kó má bu kó tó dọjọ́ mìíràn.